Iginlá: Ọmọ Yorùbá Tó Di Balógun Lórí Yìnyín

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní igi kan kì í dá igbó ṣe. Síbẹ̀, igi kan lè wà nínú igbó tó jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò lè ròyìn igbó náà kó má dárúkọ rẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Kánádà, níbi tí eré hókì orí yìnyín ti wọ àwọn ènìyàn lára bí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ṣe wọ̀ wá lára níhìn-ín, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Jarome Iginla. Àwọn òyìnbó ń kọ orúkọ yìí láìfi àmì ohùn sí i, wọ́n sì ń pè é bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ilẹ̀ wọn ni. Ọmọ Yorùbá pàápàá lè kà á kọjá láìfura. Ṣùgbọ́n ẹ pín in sí méjì, kí ẹ fi àmì ohùn sí i bó ti yẹ, ẹ ó rí ohun tó fara pamọ́ síbẹ̀: igi ńlá. Ọmọ Yorùbá láti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ni bàbá tó bí i, Adékúnlé sì wà lára àwọn orúkọ tí ọmọ náà ń jẹ́.

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló kan ará Mọ́níyà tàbí ará Lálúpọn nínú eré tí wọ́n ń ṣe lórí yìnyín. Ìbéèrè náà tọ̀nà. Ní Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, yìnyín tí a mọ̀ ni èyí tó ń bá òjò ńlá rọ̀, tí àwọn ọmọdé ń sáré ṣà lójúde, tí yóò sì ti yọ́ tán lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó gbé e dé ẹnu. Èyí kejì ni omi dídì tí a ń rà nígbà ìnáwó láti fi mú ohun mímu tutù. Kò sí ẹni tó rò ó rí pé a lè dúró lórí rẹ̀, áńbọ̀sìbọ́sí pé a ó máa sáré lórí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìtàn Iginla kì í ṣe ti yìnyín nìkan. Ìtàn ọmọ kan ni, tí bàbá àti ìyá rẹ̀ pínyà nígbà tí kò tíì mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, tí ìyá rẹ̀ àti àwọn òbí ìyá rẹ̀ sì tọ́ dàgbà. Ní àwọn abúlé oko àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká, a mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ó wọ́pọ̀ kí òbí wà ní ìgboro tàbí ní òkè òkun, kí ọmọ sì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní abúlé. Àwọn kan máa ń sọ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò lè yanjú. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí a mọ ìtàn ọkùnrin yìí.

Bí eré náà ṣe rí

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ irú eré tí a ń sọ. Orí pápá tí wọ́n fi omi dídì tẹ́ ni wọ́n ti ń gbá hókì yìí. Ní Kánádà àti Amẹ́ríkà, pápá náà gùn tó mítà 61, ó sì fẹ̀ tó mítà 26. Ẹni mẹ́fà mẹ́fà ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan máa ń ní lórí pápá lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ́lé sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Bàtà ẹsẹ̀ wọn ní irin tó mú bí ọ̀bẹ lábẹ́, òun ni wọ́n fi ń yọ̀ lórí yìnyín. Ọ̀pá gígùn tó tẹ̀ ní ìdí ló wà lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n sì ń fi ọ̀pá náà gbá kì í ṣe bọ́ọ̀lù roboto, rọ́bà dúdú pẹlẹbẹ kan ni, tó le bí igi.

Ìṣẹ́jú 20 lọ́nà mẹ́ta ni ìdíje kan. Eré náà yá ju bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ lọ fíìfíì, ó sì le. Òfin gbà kí agbábọ́ọ̀lù fi èjìká ti ẹni tí rọ́bà wà lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ ògiri. Bí àwọn méjì bá sì fi ìbínú bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀ tí wọ́n jà, rẹfirí kò ní lé wọn lọ sílé; ìṣẹ́jú márùn-ún ni wọn yóò fi jókòó sí ẹ̀gbẹ́, lẹ́yìn náà wọn yóò padà sẹ́nu iṣẹ́. Líìgì tó ga jù lọ nínú eré yìí ni NHL, tí àwọn ẹgbẹ́ Kánádà àti Amẹ́ríkà jọ ń kópa nínú rẹ̀. Ife tí gbogbo wọn ń lé ni Stanley Cup.

Ọmọ ìyá, ọmọ ìyá àgbà

Ọjọ́ 1, oṣù Keje, ọdún 1977 ni wọ́n bí Jarome ní ìlú Edmonton, ní ìpínlẹ̀ Alberta. Bàbá rẹ̀, Elvis Iginla, kò ju ọmọ ọdún 18 lọ nígbà tó kúrò ní Nàìjíríà wá sí Kánádà. Ó kàwé níbẹ̀ títí ó fi di agbẹjọ́rò. Ìyá rẹ̀, Susan Schuchard, jẹ́ òyìnbó Amẹ́ríkà láti ìpínlẹ̀ Oregon. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bí ọmọ náà tí ìgbéyàwó wọn tú ká. Susan kó ọmọ rẹ̀, wọ́n sì ń gbé ní St. Albert, ìlú kan tó wà lẹ́bàá Edmonton. Kí òun àti ọmọ rẹ̀ lè jẹun, ó ń ṣe iṣẹ́ fífọwọ́ra ara fún àwọn tí ara ń ro, ó sì tún ń kọ́ àwọn ọmọdé ní orin.

Ìyá tó ń dá ọmọ tọ́, tó sì ń ṣe iṣẹ́ méjì, kò lè wà níbi gbogbo. Ibẹ̀ ni bàbá àgbà àti ìyá àgbà ti wọlé. Hókì kì í ṣe eré òfìfo. Bàtà, ọ̀pá, àṣíborí àti aṣọ ìdáàbòbò ló ń jẹ owó, àsìkò ìgbáradì sì máa ń bọ́ sí òwúrọ̀ kùtùkùtù nígbà tí òtútù ń mú ganrínganrín. Bàbá àgbà ló ń gbé ọmọ náà lọ, òun ló sì ń dúró dè é. Bí ẹni ń gbé ọmọ lọ sí oko fún ìgbà àkọ́kọ́ ló rí: bí àgbà kò bá mú ọmọdé lọ́wọ́ dání, ọmọdé kò ní mọ ibi tí ààlà wà.

Ẹ̀kọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ Susan àti Elvis pàápàá. Ìgbéyàwó wọn tú, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọmọ di ohun ìjà. Bàbá kò pa ọmọ rẹ̀ tì, ìyá kò sì fa orúkọ bàbá rẹ̀ ya lójú rẹ̀. Iginla ló wà lẹ́yìn aṣọ tí ọmọ náà wọ̀ títí ó fi dàgbà, kì í ṣe Schuchard.

Hókì nìkan kọ́ ni ọmọ náà mọ̀. Ó mọ béésìbọ́ọ̀lù gbá débi pé ó gbá a fún ikọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Kánádà. Nínú hókì, aṣọ́lé ni ó kọ́kọ́ jẹ́, kó tó di ẹni tí ń wá góòlù kiri.

"Àwọn dúdú kì í gbá hókì"

Láàárín àwọn ọmọdé tó ń gbá hókì ní St. Albert, ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ọmọ mìíràn tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Nígbà tí Jarome bá sọ pé òun yóò gbá fún NHL lọ́jọ́ iwájú, àwọn ọmọ kan a máa bi í léèrè pé báwo ni yóò ṣe dé ibẹ̀ nígbà tí kò sí aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Grant Fuhr, aṣọ́lé fún Edmonton Oilers, wà ní ìlú rẹ̀ gan-an, aláwọ̀ dúdú sì ni. Fuhr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gba Stanley Cup márùn-ún láàárín ọdún 1984 sí 1990. Ó tún lè dárúkọ Claude Vilgrain, tí wọ́n bí ní Haiti, àti Tony McKegney.

Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i. Orúkọ mẹ́ta péré ni ọmọdé náà ní lẹ́nu, ṣùgbọ́n orúkọ mẹ́ta yẹn tó láti pa àwọn abúni lẹ́nu mọ́. Ọmọ tí kò bá rí ẹni tó jọ ọ́ níbi tó ń lọ yóò ní ìyè méjì. Bó bá rí ẹyọ kan, ọ̀nà ti là.

Láti Kamloops dé Calgary

Ní ọdún 1993, Jarome dara pọ̀ mọ́ Kamloops Blazers, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìpínlẹ̀ British Columbia. Ẹgbẹ́ náà gba ife Memorial Cup ní ọdún 1994, wọ́n tún gbà á ní 1995. Ní 1995 yìí kan náà ni Dallas Stars mú un ní ipò 11 nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NHL ń yan àwọn ọ̀dọ́. Ṣùgbọ́n kò gbá ìdíje kan ṣoṣo fún Dallas. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n fi òun àti Corey Millen ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Calgary Flames kí wọ́n lè gba Joe Nieuwendyk, ẹni tí àwọn olólùfẹ́ Calgary fẹ́ràn gan-an. Inú àwọn kan ní Calgary kò dùn. Wọ́n ń béèrè pé ta ni ọmọ tí wọ́n gbà yìí.

Kò pẹ́ tí ìdáhùn fi dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1996, ó ṣáájú gbogbo àwọn ọ̀dọ́ àgbáyé ní iye àmì nígbà tí Kánádà gba wúrà nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́. Ní àsìkò 1996 sí 1997, ó gbá góòlù 21 wọlé nínú àsìkò rẹ̀ àkọ́kọ́ ní NHL, ó sì ṣe ipò kejì nínú ìdíje ẹni tuntun tó dára jù lọ.

Ọdún 2002

Nígbà tí Kánádà ń múra sílẹ̀ fún Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ti 2002, Iginla kò sí lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ pè sí àgọ́ ìgbáradì. Nígbà tí ẹnìkan fara pa ni wọ́n pè é lórí fóònù pé kó tètè máa bọ̀. Ó kọ́kọ́ rò pé àwọn ọ̀rẹ́ òun ló ń bá òun ṣeré. Nígbà tó di ọjọ́ 24, oṣù Kejì, ọdún 2002, ní Salt Lake City, ẹni tí wọ́n pè gẹ́gẹ́ bí arọ́pò yìí gbá góòlù méjì wọlé nínú àṣekágbá, Kánádà sì fi góòlù márùn-ún sí méjì lu Amẹ́ríkà. Ó ti pé 50 ọdún tí Kánádà ti gba wúrà hókì àwọn ọkùnrin gbẹ̀yìn. Iginla sì di ọkùnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba wúrà nínú Òlíńpíìkì ìgbà òtútù. Ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ni Vonetta Flowers, obìnrin Amẹ́ríkà, ti gba tirẹ̀ nínú eré ọkọ̀ orí yìnyín.

Ìlú Salt Lake City yìí náà ni ohun kan ti ṣẹlẹ̀ tí àwọn ará Calgary kò jẹ́ gbàgbé. Iginla jókòó nílé oúnjẹ, ó bá àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin kan tó wá láti Calgary sọ̀rọ̀ ní tábìlì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gbọ́ pé inú ọkọ̀ wọn ni wọ́n ń sùn nítorí pé wọn kò rí ibi wọ̀ sí. Ó dìde, ó lọ gba yàrá fún wọn ní hòtẹ́ẹ̀lì tí ìdílé rẹ̀ wọ̀ sí, ó sì san owó rẹ̀. Kò pe oníròyìn.

Ní àsìkò yẹn kan náà, góòlù 52 ló gbá wọlé ní NHL, àpapọ̀ àmì rẹ̀ sì jẹ́ 96. Kò sí ẹni tó ní góòlù tó tirẹ̀, kò sì sí ẹni tó ní àmì tó tirẹ̀. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ Art Ross, tí wọ́n ń fún ẹni tí àmì rẹ̀ pọ̀ jù lọ. Àwọn agbáhókì NHL tún dìbò pé òun ló dára jù láàárín wọn. Hart nìkan ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́: iye àmì kan náà ni òun àti José Théodore ní nínú ìbò, ṣùgbọ́n àwọn tó fi Théodore sí ipò kìíní pọ̀ jù.

Ife tí kò gbé

Ní ọdún 2003, Craig Conroy, balógun Flames, fínnúfíndọ̀ gbé ipò rẹ̀ sílẹ̀ fún Iginla. Ó ti pé àsìkò méje tí Calgary kò ti dé ìpele ìkẹyìn nínú ìdíje. Lábẹ́ balógun tuntun yìí, wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n borí ẹgbẹ́ mẹ́ta tó lágbára jù wọ́n lọ, wọ́n sì pàdé Tampa Bay Lightning nínú àṣekágbá ọdún 2004. Ìdíje méje ni wọ́n gbá. Góòlù kan ṣoṣo ló yà wọ́n nínú èyí tó kẹ́yìn, 2 sí 1. Tampa Bay ló gbé ife lọ.

Iginla kò tún dé àṣekágbá Stanley Cup mọ́ láéláé. Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2013, ó fi Calgary sílẹ̀ nítorí kó lè wá ife náà kiri. Ó lọ sí Pittsburgh, ó lọ sí Boston, ó lọ sí Colorado, ó parí rẹ̀ sí Los Angeles ní 2017. Kò rí ife náà gbà.

Síbẹ̀, ẹ wo ohun tó fi sílẹ̀. Ìdíje 1,554, góòlù 625, àpapọ̀ àmì 1,300. Nínú ìtàn Calgary Flames, kò sí ẹni tó gbá góòlù tàbí tó wọ aṣọ ẹgbẹ́ náà tó o. Ní Òlíńpíìkì Vancouver ọdún 2010, nígbà tí Kánádà àti Amẹ́ríkà ta ọ̀mì 2 sí 2 nínú àṣekágbá tí wọ́n sì fi àkókò kún un, Sidney Crosby ké sí Iginla pé kó gbé e wá. Ẹnìkan ń ti Iginla lulẹ̀ lọ́wọ́ nígbà náà, síbẹ̀ ó rí i dájú pé rọ́bà náà dé ọ̀dọ̀ Crosby kí òun tó ṣubú. Góòlù! Orúkọ Crosby ni ayé ń pè, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ Adékúnlé ló gbé e fún un.

Ó fẹ̀yìn tì ní ọdún 2018. Ní oṣù Kẹta ọdún 2019, Calgary gbé aṣọ nọ́ńbà 12 rẹ̀ kọ́ sókè pápá wọn, kò sì sí ẹni tí yóò tún wọ̀ ọ́ mọ́. Ní 2020 ni wọ́n yàn án sínú Gbọ̀ngàn Olókìkí hókì. Àrùn Kòrónà ló dá ayẹyẹ rẹ̀ dúró títí di 2021. Òun ni aláwọ̀ dúdú kẹrin tó wọ ibẹ̀, lẹ́yìn Grant Fuhr, Angela James àti Willie O'Ree. O'Ree yìí ló kọ́kọ́ la ọ̀nà ní NHL ní oṣù Kìíní ọdún 1958, ojú rẹ̀ kan kò sì ríran nígbà náà.

Àwọn igi yòókù nínú igbó

Iginla kọ́ ni ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo nínú eré yìí. Rumun Ndur, tí wọ́n bí ní Zaria, gbá fún Buffalo Sabres ní ìgbà kan. Akim Aliu, tí wọ́n bí ní Òkene, bá Iginla wọ aṣọ Calgary Flames kan náà. Ní ọdún 2019, Aliu sọ gbangba bí akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ṣe bú u nítorí àwọ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì mì gbogbo líìgì tìtì. Ní ilẹ̀ Swídìn, Johnny Oduya, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Kẹ́ńyà, gba Stanley Cup lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú Chicago Blackhawks. Ohun tí Iginla lé títí tí kò bá, ọmọ Áfíríkà mìíràn bá a. Bí ayé ṣe rí nìyẹn.

Àwọn ọmọ Iginla náà ti wọ pápá. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2024, ẹgbẹ́ tuntun tó wà ní Utah mú Tij Iginla ní ipò kẹfà. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ náà yàn nínú ìtàn rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí a rí mú

Àkọ́kọ́, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú ọmọ tí ìyá àgbà ń tọ́. Bí ìyá àgbà kan bá wà ní Erúnmu tàbí Akànràn tó ń jí ní kùtù láti wẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀ kó lè tètè dé ilé-ìwé, iṣẹ́ tí àwọn òbí Susan ṣe ní St. Albert náà ló ń ṣe. Kí ẹ̀yin òbí tí ẹ wà ní ìgboro má ṣe fi owó oúnjẹ nìkan ránṣẹ́. Ẹ fi ara yín ránṣẹ́ pẹ̀lú, kí ọmọ mọ ẹni tó ni orúkọ tí òun ń jẹ́.

Ìkejì, ẹ̀bùn ọmọ kì í fìgbà gbogbo jọ ohun tí a mọ̀. Nínú ilé wa, bí ọmọ kò bá gbá bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, a ó ní kò mọ eré kankan. Ta ló mọ̀ bóyá sísá eré, jíju ọ̀kọ̀ tàbí ayò tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ni tirẹ̀?

Ìkẹta ló jinlẹ̀ jù. Láàárín àwa ọ̀dọ́ òde òní, ife nìkan ni a ń wò. Ẹni tó gba ife ni a ń kí, ẹni tó ṣe ipò kejì ti di ẹni ẹ̀yìn. Iginla kò gba Stanley Cup, síbẹ̀ ní Calgary, ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn tó kúrò níbẹ̀, orúkọ rẹ̀ ni àwọn òbí fi ń ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ wọn. Nígbà tó ṣì ń gbá hókì, ó máa ń fi owó sílẹ̀ lórí góòlù tó bá gbá wọlé fún KidSport, àjọ tó ń ran àwọn ọmọ tí òbí wọn kò lówó lọ́wọ́ kí wọ́n lè ṣe eré ìdárayá. Ó mọ ohun tí bàtà àti ọ̀pá ń ná ìyá tó ń dá ọmọ tọ́.

Ní abúlé wa, a kì í mọ igi ńlá nípa gíga rẹ̀ nìkan. Àwọn tí òòrùn pa tí wọ́n sì ráyè jókòó sábẹ́ rẹ̀ ni yóò jẹ́rìí sí i.